Táǹkì Tí Wọ́n Fomi Fọ̀

Dáre, gbé ọwọ́ rẹ kúrò lára maṣíìnì yẹn. Láti àárọ̀ lo ti ń tẹ̀ ẹ́ tí kò dáhùn, o wá ń bú u bí ẹni pé òun ló gbé ara rẹ̀ sínú òjò. Ìwọ lo gbé e síbẹ̀ láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, tòun ti epo díẹ̀ nínú táǹkì, o bá ẹlòmíràn lọ ń wa mọ́tò. Báyìí o ní o máa yọ táǹkì náà jù nù, kí o lọ ra òmíràn ní Ládìpọ̀. Kabúrétọ̀ ńkọ́? O ní o máa pààrọ̀ rẹ̀, pé ta ló ráyè fífọ̀. Èmi ráyè. Ẹ gbé àpótí ìjókòó yẹn fún mi, kí ẹ̀yin ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà wá ibì kan jókòó sí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tèmi ni mo fẹ́ tú fún yín wò lónìí. Ó máa ń dùn mí láti sọ ọ́, nítorí náà ẹ má dá mi dúró.

Ṣé ẹ gbọ́ bí ìta ṣe ń pariwo yìí? Maṣíìnì ń lọ, maṣíìnì ń bọ̀, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń han, ohùn kan náà ni gbogbo wọn ń ké létí mi. Nígbà tiwa, alùpùpù kò pọ̀ tó báyìí ní Muṣin. Ogun ti parí, owó epo rọ̀bì ti ń dé ìlú, àwọn èèyàn ń ti òkè wá sí Èkó lójoojúmọ́, síbẹ̀ ẹni tó bá ní maṣíìnì ní àdúgbò, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń júwe ilé. Ohùn wọn sì yàtọ̀ síra bí ohùn èèyàn. Ti olùkọ́ tó ń gbé ìsàlẹ̀ ọ̀dọ̀ wa máa ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ti télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí máa ń súfèé. Ti ọkọ mi, bàbá ìyá Dáre, ikùn ló ti ń sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà. Bí ó bá sì dé oríta, kó tó yà sí ojúlé wa, á yí ọwọ́ maṣíìnì lẹ́ẹ̀mejì: gbùù, gbùù. Kíkí ló fi ń kí wa.

Níbi yòówù kí Mojí ọmọ wa wà, á pariwo pé, "Bàbá mi ti dé!" á sì fò jáde. Ọjọ́ kan wà tí mo ń wẹ̀ fún un lẹ́yìnkùlé, ọṣẹ kún ojú rẹ̀, ó gbọ́ gbùù, gbùù, ló bá já mọ́ mi lọ́wọ́. Ó sáré ní ìhòòhò gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó lọ kọlu ìyá arúgbó kan tó gbé ẹ̀kọ gbígbóná, gbogbo ẹ̀kọ fọ́n ká ilẹ̀. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mojí yìí náà ni ìyá Dáre, tó ń bá yín jà láàárọ̀ pé ẹ fi ọ́ìlì ba ojú ọ̀nà òun jẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí ni.

Búrẹ́dì ni ọkọ mi ń gbé. Ilé búrẹ́dì kan wà nítòsí Ìdí-Òrò nígbà náà, alàgbà ìjọ kan ló ni ín. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni ọkọ mi á ti to búrẹ́dì gbígbóná sínú àpótí onípákó tó fi páànù tẹ́ nínú, tó so mọ́ ẹ̀yìn maṣíìnì. Á gbé e dé Sùúrùlérè, á gbé e dé Yàbá, fún àwọn olùkọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọn kì í jáde nílé láìjẹ búrẹ́dì, láìmu tíì. Gbogbo iyì iṣẹ́ náà ni pé kí búrẹ́dì dé kó tó tutù. Bí ó bá tutù, wọ́n á ní kó máa gbé e padà lọ. Ẹni tí maṣíìnì rẹ̀ bá ń kú lójú ọ̀nà, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìyẹ̀fun sì ni ọ̀tá maṣíìnì. Eruku rẹ̀ máa ń wọ ibi tí maṣíìnì fi ń mí, á pò mọ́ epo, á dì. Ọkọ mi á bọ́ sílẹ̀, ìyẹ̀fun á funfun ní gbogbo irun ojú rẹ̀, á ní, "Ìyá Mojí, maṣíìnì yìí ti jẹ búrẹ́dì yó lónìí o."

Ìdí nìyẹn tí a fi ń fọ kabúrétọ̀ ní gbogbo ọ̀sán Àbámẹ́ta. Kì í ṣe àwa nìkan. Ẹ ó rí olùkọ́, ẹ ó rí télọ̀, oníkálukú á tẹ́ àpò síwájú ilé, á tú maṣíìnì rẹ̀ ká lé e. Abọ́ kan, bẹntiróòlù díẹ̀ nínú rẹ̀, ìyẹ́ adìyẹ, àkísà tó mọ́. Kabúrétọ̀ kì í ṣe ohun ńlá, kò ju ìkúùkù Mojí lọ nígbà yẹn. Òun ni ọ̀fun maṣíìnì, òun ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ kí iná tó rí ohun jẹ. Idẹ tín-ín-rín kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní jẹ́ẹ̀tì, ihò rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ibẹ̀ ni gbogbo epo ń gbà kọjá. Ìdọ̀tí tó kéré ju iyanrìn lọ, tó bá dí i, ó parí. Àwọn mìíràn máa ń fi wáyà tú u. Ọkọ mi kò gbà. Ó ní wáyà á fẹ ihò náà lójú, maṣíìnì á wá máa mu epo bí ọ̀mùtí. Ẹ̀yọ ìgbálẹ̀ kan tó ti rẹ sínú epo ló máa ń fi tú u, lẹ́yìn náà á gbé e fún mi kí n fi ẹnu fẹ́ ẹ. Ètè mi tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní bí ẹni pé Ọlọ́run dá a fún iṣẹ́ yẹn ni. Tí ó bá ṣì dí, atẹ́gùn á padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Tí ó bá ti mọ́, á súfèé, fíín. Mojí á pàtẹ́wọ́, á ní kí n tún un ṣe. Bẹntiróòlù á máa ta mí létè títí di ọjọ́ Àìkú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, inú mi á sì máa dùn. Mo fẹ́ràn ọkọ mi gan-an, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àwọn ará àtijọ́ kò mọ ìfẹ́.

Ti táǹkì tún yàtọ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Inú táǹkì ni ìpáàrà tó ń wá dí kabúrétọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí epo bá dé ààbọ̀, ibi tó ṣófo lókè á máa làágùn bí ìdérí ìkòkò ọbẹ̀, omi á máa kán sínú epo. Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ló ń lọ jókòó sí, ibẹ̀ ni irin á ti máa dógùn-ún láìsí ẹni tó mọ̀. Ọkọ mi máa ń sọ pé, "Kó kún dé ẹnu, tàbí kó gbẹ ká fi ọ́ìlì pa á nínú. Ààbọ̀ ni ikú." Bí Kérésìmesì bá ń bọ̀ tí gbogbo wa fẹ́ lọ sílé, ẹ ó rí àwọn ọkùnrin àdúgbò tí wọ́n tò sílé epo, wọ́n ń rọ epo kún maṣíìnì tí wọn kò ní gùn. Ẹni tí kò mọ̀dí á rò pé orí wọn ti yí. Tí wọ́n bá padà délé, wọ́n á ti táàpù epo pa, wọ́n á jẹ́ kí maṣíìnì máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró títí epo ọ̀fun rẹ̀ á fi tán tí á fi kú fúnra rẹ̀, kí epo má bàa gbẹ sínú kabúrétọ̀, kó di oje. Ti olùkọ́ á kú, ti télọ̀ á kú, tiwa ló máa ń kú gbẹ̀yìn. Àdúgbò á wá dákẹ́ rọ́rọ́, a ó mọ̀ pé ọdún ti wọlé. Ẹ̀yin ń fi ariwo mọ ọdún báyìí. Ẹ kú ọlá.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ọkọ mi kú. Ibà ni, ibà tí a rò pé agbo lè wò. Ó ti Yàbá dé lọ́jọ́ yẹn, ó ní òtútù ń mú òun, ó gbé maṣíìnì sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé. Kò rọ epo. Kò ti táàpù. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò gbàgbé rí. Bí mo ṣe rí i ni mo mọ̀ pé àìsàn tó lè mú kó gbàgbé ìyẹn kì í ṣe kékeré. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, wọ́n ti fi aṣọ bò ó lójú. Wọ́n gbé Mojí lọ sí ilé àwọn ẹbí ọkọ mi ní ìsàlẹ̀ Muṣin kó má bàa rí òkú, wọ́n sọ fún un pé bàbá rẹ̀ rìnrìn àjò, pé ó ń bọ̀. Bí a ṣe ń sọ fún ọmọdé nígbà náà nìyẹn. A rò pé àánú ni.

Àwọn ará ilé ọkọ mi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyàwó kì í pe ẹbí ọkọ lórúkọ, nítorí náà mo ti fún wọn lórúkọ tèmi láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ọkùnrin, àgbẹ̀ ni, Bàbá Oko ni mo ń pè é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí eyín rẹ̀ funfun tó tò rẹ́gírẹ́gí, Eyínmẹ́nugún ni mo ń pè é. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Bàbá Oko pè mí, ó ní, "Ìyàwó, Èkó yìí kì í ṣe ibi tí opó lè dá bọ́ ọmọ. Tí o bá ti ṣe opó tán, mo máa mú Mojí lọ sílé, kó máa bá àwọn ọmọ mi jẹun."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo lè gbé búrẹ́dì. Ó ti kọ́ mi ní maṣíìnì gígùn. Alàgbà sì ti ránṣẹ́ pé àwọn á dá ọ̀nà náà dúró dè mí títí n óò fi jáde opó. Ẹ má mú un lọ, òun nìkan ló kù mí kù."

Ó ní, "Tí iṣẹ́ búrẹ́dì bá dúró sí ọ lọ́wọ́, Mojí dúró. Tí kò bá dúró, má bá mi jà."

Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ mi ṣe wá di orí irin kan ṣoṣo. Irin náà sì wà lábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú epo ààbọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ẹrù òkú títí ẹbí á fi pín in, opó ló sì kéré jù nínú ẹni tó lè fọwọ́ kàn án. Inú yàrá ni wọ́n fi mí sí, lórí ẹní, aṣọ dúdú lára mi, ìyá àgbà kan nínú ẹbí jókòó tì mí. Opó kì í jáde, opó kì í gbé ohùn sókè. Etí nìkan ni mo fi ń gbé ayé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí àwọn obìnrin ilé ń kó ẹrù ọkọ mi jáde sẹ́yìnkùlé, kí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́ kí ọjọ́ pínpín tó dé. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọn agbádá rẹ̀. Mo gbọ́ Eyínmẹ́nugún tó ń sunkún, tó ń ki àbúrò rẹ̀ bó ṣe ń fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ bu omi wá, ká fọ maṣíìnì rẹ̀. Àbúrò mi kì í ṣe ọ̀bùn." Ìyẹn kò burú. Mo gbọ́ tí kànrìnkàn ń lọ tó ń bọ̀. Mo wá gbọ́ ohùn kan tí mo mọ̀ dáadáa, ìdérí táǹkì tó máa ń ké kíín tí wọ́n bá yí i. Eyínmẹ́nugún ní, "Ẹ wo bó ṣe ń rùn nínú! Ẹ dà á nù, ẹ bá mi bu omi ọṣẹ sí i." Wọ́n da maṣíìnì dùbúlẹ̀, mo gbọ́ tí epo ń dà sórí ilẹ̀. Wọ́n gbé e nàró, omi wá tẹ̀lé e. Gọ̀dọ̀, gọ̀dọ̀, gọ̀dọ̀. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é. Ó ń fọ ohun tí àbúrò rẹ̀ fẹ́ràn jù láyé.

"Ìyá," mo sọ fún ìyá àgbà náà, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn. Omi ni wọ́n ń dà sínú táǹkì."

"Omi ni wọ́n fi ń fọ nǹkan, ìyàwó. Fẹnu mọ́nu."

"Á dógùn-ún, Ìyá. Kí wọ́n dà á gbẹ, kí wọ́n da ọ́ìlì díẹ̀ sí i, kí wọ́n yí i ká inú. Ọ́ìlì náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbí."

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ó ní, "Ọkọ ẹ kú, irin lò ń rò? Má jẹ́ kí ará ìta gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ẹ o."

Irin kọ́ ni mò ń rò. Ọmọ mi ni. Láti ọjọ́ náà, tí òjò bá ti ń lu páànù, ìnira ló ń bá mi. Wọ́n ní opó yẹn mà fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ o, ẹ wo bó ṣe ń ké nígbàkígbà tójò bá rọ̀. Òótọ́ ni, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ bí ìpáàrà ṣe ń jẹ táǹkì, mo ń gbọ́ bí Mojí ṣe ń lọ díẹ̀díẹ̀. Mo gbàdúrà títí àdúrà tán lẹ́nu mi.

Wọ́n pín ẹrù, wọ́n ní maṣíìnì jẹ́ ti Mojí gẹ́gẹ́ bí ọmọ olóògbé, kí n máa lò ó. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo jáde opó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ dúdú kò tíì kúrò lára mi, òwúrọ̀ Àbámẹ́ta ni alàgbà ń retí mi, òwúrọ̀ Àbámẹ́ta náà ni Bàbá Oko fẹ́ padà sílé láti gáréèjì Ìdó. Ọjọ́ Jímọ̀ náà ni mo yí ìdérí táǹkì. Òórùn tó jáde kì í ṣe ti bẹntiróòlù, bí òórùn ẹ̀jẹ̀ ló rí. Mo dà á sílẹ̀, omi pupa ló jáde, ó ru èépá irin dání. Mo jókòó sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, mo ká ọwọ́ lérí.

Eyínmẹ́nugún bá mi níbẹ̀. "Ìyàwó, kí ló dé? Kí ni nǹkan pupa yìí?"

"Omi tí ẹ fi fọ̀ ọ́ ni, Eyínmẹ́nugún. Táǹkì kì í mu omi. Ó ti jẹ ẹ́ nínú."

Ó wo ilẹ̀, ó wò mí. "Ṣé kò ní lè gbé búrẹ́dì mọ́ ni?"

Mo bu èépá irin náà lé e lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ló yé e. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú ìró rẹ̀ tó mọ́, ó ní, "Háà, mo gbé. Mo ti fọwọ́ mi fọ ọmọ àbúrò mi kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀." Ó di mọ́ mi, a jọ ké. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo rántí pé nílé wa, ọsàn wẹ́wẹ́ ni ìyá mi fi ń fọ ohun èlò idẹ tó bá ti ṣú. Mo ní, "Ẹ bá mi wá ọsàn wẹ́wẹ́, kó pọ̀." Kò dúró wọ bàtà. Ó sáré lọ sí ọjà Ojúwòyè, ó ru apẹ̀rẹ̀ kan dé.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kèrègbè ni táǹkì, kò sí ọwọ́ tó lè wọ̀ ọ́. Nítorí náà a tú u kúrò lára maṣíìnì, a fún omi ọsàn náà sí i, mo ṣa òkúta kéékèèké níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, mo dà á tẹ̀lé e, mo fi àkísà dí ẹnu rẹ̀. Ó di apá kan mú, mo di apá kejì mú, a bẹ̀rẹ̀ sí í mì í bí ẹni ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Apá ro wá. Ọsàn ń ta wá níbi tí irin ti ya wá lọ́wọ́. A dà á nù, ó pupa. A tún fún òmíràn sí i, a tún mì í. Nígbà tó yá, ó jáde bí omi ẹ̀kọ. Mo fi omi eérú ṣan kíkan rẹ̀ kúrò, mo fi kẹrosíìnì ṣan omi kúrò, oòrùn díẹ̀ yọ, a gbé e sá. Mo da ọ́ìlì sí i, mo yí i ká inú. Mo tú kabúrétọ̀, mo fi ìgbálẹ̀ tú jẹ́ẹ̀tì, mo fẹ́ ẹ. Fíín. Kò sí Mojí níbẹ̀ tó máa pàtẹ́wọ́. A de gbogbo rẹ̀ padà, a rọ bẹntiróòlù sí i. Kí oòrùn tó wọ̀, maṣíìnì wúkọ́, ó dákẹ́, ó tún wúkọ́, ó wá ń ti ikùn sọ̀rọ̀. Eyínmẹ́nugún sá wọlé, kò lè gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ lórí ìdúró.

Mo mọ̀ pé kò mọ́ tán. Ìpáàrà máa ń fara pamọ́ sí ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀. Ní ìdájí Àbámẹ́ta, mo fi ẹ̀yọ ìgbálẹ̀ sínú irun mi, mo wọ ṣòkòtò ọkọ mi sábẹ́ aṣọ dúdú, mo lọ gbé búrẹ́dì. Bàbá Oko ti sọ pé òun á dúró nílé ẹbí títí oòrùn á fi gun òrùlé, pé tí òun kò bá gbọ́ ohùn maṣíìnì, òun ń lọ.

Ojúẹlẹ́gba ló kọ́kọ́ kú sí. Mo bọ́ ìborùn mi, mo fi bo àpótí kí búrẹ́dì má tutù, mo tẹ́ àpò sílẹ̀ lẹ́bàá títì, mo tú kabúrétọ̀. Ìdọ̀tí pupa ti dí jẹ́ẹ̀tì. Mo tú u, mo fẹ́ ẹ, mo dè é padà. Ọkùnrin kan dúró, ó ní, "Àǹtí, ọkọ yín dà tó fi jẹ́ ẹ̀yin lẹ̀ ń ṣe èyí?" Mo ní, "Aṣọ tí mo wọ̀ ti dá yín lóhùn, ẹ̀gbọ́n." Ó ṣí fìlà, kò sì kúrò, òun ló bá mi di abọ́ mú. Ó tún kú kí n tó dé Yàbá. Mo tún tú u. Oòrùn ń gòkè, mo ń pè é ní bàbá Mojí bí mo ṣe ń fẹ́ ẹ: "Bàbá Mojí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má ṣe mí báyìí." Nílé tó gbẹ̀yìn, ìyàwó olùkọ́ kan fọwọ́ tẹ búrẹ́dì náà. Ó ní, "Ó pẹ́ o, ṣùgbọ́n ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ máa gbé e wá, ìyàwó wa. A dárò ọ̀gá." Iṣẹ́ dúró. Mo sunkún ọpẹ́ padà sí Muṣin.

Eyínmẹ́nugún ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹbí, ó ká ọwọ́ lérí. "Ó ti mú Mojí lọ Ìdó, ìyàwó. Ó dúró, dúró, kò gbọ́ ohùn. Mo di aṣọ rẹ̀ mú. Ó ní mọ́tò á kún."

Mi ò mọ bí mo ṣe yí maṣíìnì padà. Mo gba Yàbá, mo gba Ẹ̀bùté Mẹ́ta, àpótí òfìfo ń lù gbàgà gbàgà lẹ́yìn mi. Kò sí irú èèyàn tí kò sí ní Ìdó lọ́jọ́ náà. Alágbàrù ń ké àgò, àwọn tó ń pe èrò ń ké Ìbàdàn, wọ́n ń ké Ògbómọ̀ṣọ́, ọkọ̀ ńlá ju ọkọ̀ ńlá lọ. Mo pe Mojí, ariwo gbé e mì. Mo tún pè é títí ohùn mi fi ha. Mo rí ọkọ̀ tó ń yí jáde, mi ò mọ̀ bóyá òun ló wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ kú níbẹ̀. Ọwọ́ mi ló rántí ohun tí orí mi kò rántí. Ó yí lẹ́ẹ̀mejì.

Gbùù, gbùù.

Mo gbọ́ ọ láti inú ọkọ̀ kan lẹ́yìn mi. "Bàbá mi ti dé! Ẹ jẹ́ n sọ̀, bàbá mi ti dé!"

Ó já bọ́ láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, bàtà ẹsẹ̀ kan, ó ń sáré, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró. Ó wo aṣọ dúdú mi. Ó yí maṣíìnì ká, ó wo ẹ̀yìn àpótí búrẹ́dì, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Màámi, bàbá mi dà?"

Bàbá Oko ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gbọ́. Ó fọwọ́ kan táǹkì náà, ó yí ojú sápá kan. Ó ní, "Iṣẹ́ dúró?" Mo ní, "Ó dúró, sà." Ó ní, "Mú ọmọ ẹ máa lọ."

Mo gbé e jókòó sórí táǹkì níwájú mi, ibi tí bàbá rẹ̀ máa ń gbé e sí. Títí a fi dé Muṣin ló ń bi mí léèrè. Mo fi apá méjèèjì ká a mọ́, mo ń gùn lọ. Mo gbé búrẹ́dì títí ó fi ka ìwé tán, mo ń rọ táǹkì yẹn kún ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, mi ò sì yí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì mọ́ láyé mi.

Ó tó. Dáre, lọ ra ọsàn wẹ́wẹ́ wá, kí ẹ̀yin ìyókù bá mi ṣa òkúta kéékèèké. A máa fọ̀ ọ́, ó máa dáhùn. Ṣùgbọ́n tó bá dáhùn, tí o bá gùn ún dé oríta yẹn, má ṣe yí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá rẹ wà nínú ilé.